Iṣẹ́ Lọ́yà àti Ìwé Ilẹ̀ Wa ní Ìjù-Odò

Bí ẹnikẹ́ni bá dìde ní Ìjù-Odò lónìí, tí ó sì wí fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun ń lọ sí Òkìtìpupa láti rí lọ́yà, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde ni pé, "Ta ni ó pè yín lẹ́jọ́?" Kò sí ẹni tí yóò rò ó pé ilẹ̀ ni ó fẹ́ rà, tàbí pé òun àti oníbàárà rẹ̀ fẹ́ kọ ìwé àdéhùn lórí epo pupa tí wọn yóò máa gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ìjà ni a mọ lọ́yà mọ́. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ràn àlàáfíà a máa yẹra fún ilé lọ́yà bí ẹni tí ń yẹra fún ilé tí ìgbóná wọ̀.

Àṣà yìí ń ná àwa ènìyàn Ìkálẹ̀ ní owó púpọ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó sì ń ná. Ó ń ná àwọn lọ́yà pàápàá ní oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí ni pé ìgbà tí lọ́yà wúlò jù lọ ni ìgbà tí ìjà kò tíì dé, àti pé bí iye tí wọ́n ń gbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò bá hàn gbangba sí gbogbo ènìyàn, a kò ní lọ bá wọn. Ìjà nìkan ni yóò máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ra ilẹ̀ láàrin ara wa. Ẹnì kan ní owó, ó fẹ́ gbin ọ̀pẹ tàbí ẹ̀gẹ́. Ìdílé kan sì ní igbó tí wọ́n fẹ́ tà. Àwọn àgbà ìdílé a pé jọ, a gbé ọtí kalẹ̀, a ka owó, a rìn yí ilẹ̀ náà ká, a sì fi igi ìrókò kan níhìn-ín, àti etí odò kan lọ́hùn-ún, ṣe ààlà. Lẹ́yìn èyí ni a ó pe ọ̀gbẹ́ni kan tí ó mọ̀wé, ìbáà ṣe tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì tàbí akọ̀wé tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Òun ni yóò kọ àgírímẹ́ǹtì, tí gbogbo wọn yóò sì tẹ̀ka sí i, owó tí yóò gbà kò sì ní ju owó ọtí lọ. Gbogbo ènìyàn a túká pẹ̀lú ìdùnnú.

Ẹ má ṣe gbọ́ wa lódì. Òfin ìbílẹ̀ wa kò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ilẹ̀. Bí owó bá ti pé, tí a sì fa ilẹ̀ lé e lọ́wọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, ilé ẹjọ́ gbà pé ó ti rà á. Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé ẹlẹ́rìí ń kú, igi ìrókò ń ṣubú, odò pàápàá a máa ya ọ̀nà mìíràn, ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí a mu ọtí náà yóò sì dàgbà, yóò ti Èkó dé, yóò ní kò ṣojú òun. Nígbà náà ni a ó na ìwé akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ọjà sí adájọ́, a ó sì rí i pé gbogbo ohun tí ó sọ nípa ilẹ̀ náà ni pé ó wà "ní ọ̀nà oko", ó sì bá ilẹ̀ "àwọn ará ibẹ̀" pààlà.

Akọ̀wé náà kò sì béèrè ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ, èyí tí í ṣe pé, ta ni olórí ìdílé yìí, ǹjẹ́ ó sì wà ní ìjókòó? Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Bí àwọn ọmọ ìdílé bá ta ilẹ̀ ìdílé láìsí olórí ìdílé nínú rẹ̀, títà náà kò sí rárá, bí ẹni tí kò rà ni ẹni tí ó rà á rí. Bí ó bá sì jẹ́ pé olórí ìdílé ni ó tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé yòókù fọwọ́ sí i, àwọn náà lè dìde kí wọ́n sì mú kí ilé ẹjọ́ da títà náà nù, bí wọn kò bá ti pẹ́ jù. Gbólóhùn méjì péré ni èyí lẹ́nu lọ́yà. Ẹni tí kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ó ń ka owó lè fi ogún ọdún gbọ́ ọ ní ilé ẹjọ́.

Ó yẹ kí a mẹ́nu bà á pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ọ́n, pé òfin àwọn agbẹjọ́rò ti ọdún 1975 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láti máa gba owó kọ ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ilé fún ẹlòmíràn. A kò sọ èyí láti kó ìpayà bá àwọn tíṣà wa tí wọ́n ti fi kálàmù wọn ran ìlú lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. A sọ ọ́ kí ẹni tí ń ra ilẹ̀ lè mọ̀ pé, lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, ẹni tí ó bá òun kọ ìwé yìí yóò lọ́ra gidigidi kí ó tó jáde wá wí pé òun ni òun kọ ọ́.

Bí a ti ṣe bá ara wa nínú àṣà yìí kì í ṣe ẹ̀bi àwọn baba wa nìkan. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin ọdún 1876 tò ilé ẹjọ́ gíga sí Èkó, àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò yanjú kò pọ̀, nítorí náà ni òfin ṣe gba àwọn tí ó mọ̀wé díẹ̀ láyè láti máa rojọ́ fún ènìyàn pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ gba oyè lọ́yà, Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró, gbà á ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1888. Ṣùgbọ́n Èkó nìyẹn. Ní 1914, Lugard gbé òfin kan jáde tí ó dá ilé ẹjọ́ tuntun sílẹ̀ fún àwọn ìgbèríko, tí ó sì ti ilẹ̀kùn wọn mọ́ lọ́yà. Àwọn òyìnbó aláṣẹ ní lọ́yà ni ó ń kó àwọn ènìyàn sínú ẹjọ́ ilẹ̀. Àwọn ará Èkó pariwo, wọ́n kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n títí di 1933 ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ sì wà ní títì mọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ ronú ohun tí èyí já sí fún ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lábẹ́ ẹkùn Òǹdó ìgbà náà. Bí a bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbé lọ́yà dìde. Akọ̀wé lẹ́tà ni yóò lọ bá, kí ó bá a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ajẹ́lẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí "ìránṣẹ́ yín onírẹ̀lẹ̀" kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ní àkókò kan náà, Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa ní Èkó, ń bá ìjọba ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá. Àwọn lọ́yà gba ẹjọ́ rẹ̀ rò, Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, nígbà tí ó sì di 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba dá a láre pé ti àwọn ará ìlú ni ilẹ̀ náà ní tòótọ́, kí ìjọba san owó rẹ̀ bí ẹni tí ń san án fún onílẹ̀. Ohun tí ó bọ́ sí ọwọ́ ará Èkó ni èyí. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ó bọ́ sí ọwọ́ ará oko. Òfin Lugard ti kú láti 1933, ṣùgbọ́n àṣà tí ó bí kò bá a kú. Akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ọjà tí ó ń kọ àgírímẹ́ǹtì fún wa lónìí, ọmọ-ọmọ akọ̀wé lẹ́tà ìgbà Ajẹ́lẹ̀ ni.

Ní ti àwọn lọ́yà fúnra wọn, ayé ti yí mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà kan rí, ẹni tí yóò di lọ́yà ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ó bá sì dé, ìlù ni a ó fi pàdé rẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dá ilé ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ ní Èkó ní 1962, tí a sì ti fi ẹ̀ka rẹ̀ sí Àbújá, Enugu, Kano àti àwọn ibòmíràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ni ó ń gba oyè náà lọ́dọọdún. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún owó oṣù tí kò tó owó ọkọ̀ àti owó fífọ aṣọ dúdú tí wọn gbọ́dọ̀ máa wọ̀. Iṣẹ́ tí ó ń bọ́ àwọn ọ̀gá wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ sì ń yọ́ lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnì sílẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé tí lọ́yà nìkan ń jẹ́rìí sí tẹ́lẹ̀. Oníṣòwò a jókòó sí yàrá rẹ̀, a sì parí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún kan náà tí àrùn kòrónà ti ènìyàn mọ́lé, àwọn adájọ́ mìíràn ń gbọ́ ẹjọ́ lórí ẹ̀rọ láìsí pé lọ́yà fi ẹsẹ̀ kan kọ́ọ̀tù. Àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà sì wà lórí Facebook àti WhatsApp tí wọ́n ń túmọ̀ òfin fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí òfin iṣẹ́ wọn kò gbà kí wọ́n máa polówó ara wọn kiri bí ẹni tí ń ta àgbo. Àwọn baba ńlá iṣẹ́ náà ìbá rí èyí, wọn ìbá bú sẹ́kún.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ni ó wá kù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni lọ́yà ti ń lówó, a kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà tí a ń pè ní ẹjọ́ Ariori àti Elemo. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1960. Ó dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ, tí wọ́n sì dá a ní 1983. Kí ni wọ́n sọ? Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn náà padà lọ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ wọn láti ìpilẹ̀, nítorí pé adájọ́ àkọ́kọ́ ti pẹ́ jù lẹ́yìn tí ó gbọ́ ẹnu wọn kí ó tó dájọ́. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ṣùgbọ́n nínú irú ẹjọ́ báyìí baba a ti kú kí akólòlò tó pè é tán.

Lọ́yà tí ó gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í rí owó rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan. Oníbàárà a san díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, a sì máa san owó ìjókòó lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá pe ẹjọ́. Adájọ́ kò sí ní ìlú, a sún un síwájú. Ẹlẹ́rìí kò dé, a tún sún un. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù daṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí a sún un sí. Àgbẹ̀ a ta epo san án ní ọdún kìn-ín-ní, a ta pupuru san án ní èkejì. Nígbà tí ó bá di ọdún kẹta kì í gbé fóònù lọ́yà mọ́. Ìgbà náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé kí lọ́yà mú lára ilẹ̀ náà dípò owó rẹ̀, inú ilẹ̀ tí a kò tíì mọ ẹni tí ó ni ín! Ibẹ̀ ni oníbàárà àti lọ́yà ti ń di ọ̀tá, tí orúkọ gbogbo lọ́yà sì ń bàjẹ́ nítorí ẹnì kan. Bí a bá gbé iṣẹ́ yìí sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó kọ ìwé ilẹ̀ mẹ́wàá ní oṣù kan, tí ó sì gba owó rẹ̀ kí oníbàárà tó dìde lórí àga, a kò mọ ìdí tí lọ́yà yóò fi fẹ́ràn ìjà.

Ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ ni pé wọn kò fẹ́ dárúkọ owó. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ dá oko ọ̀pẹ mọ iye tí a ń ta ọ̀dọ́ ọ̀pẹ kan, ó mọ iye tí awọnlẹ̀ yóò gbà, ó mọ iye ọtí àwọn àgbà. Ti lọ́yà nìkan ni kò mọ̀. Ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò wo aṣọ ọrùn òun, wọn yóò wo ọkọ̀ tí òun gbé wá, wọn yóò sì bu iye lé òun lórí. Òfin kò sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ gbé àṣẹ tuntun jáde lórí owó iṣẹ́ àwọn lọ́yà, dípò èyí tí ó wà láti 1991 tí kò sọ ju ti ìwé ilẹ̀ àti irú rẹ̀ lọ. Òfin ọdún 1975 tí a ti dárúkọ sì wí pé lọ́yà kò lè pe oníbàárà rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́, àfi tí ó bá kọ iye náà àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé, tí ó fọwọ́ sí i, tí ó fi lé oníbàárà lọ́wọ́, tí oṣù kan sì kọjá. Nítorí náà ẹni tí ó bá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ iye rẹ̀ sílẹ̀," kò ṣe àfojúdi.

Ẹ̀sùn kejì tí a ní sí wọn ni ti lọ́yà kan ṣoṣo tí ń gbà láti ọwọ́ ẹni tí ń tà, tí ó tún ń gbà láti ọwọ́ ẹni tí ń rà. Ẹni tí ń rà ni ó ń fi owó rẹ̀ wéwu, òun ni ó sì yẹ kí ó ní ẹni tirẹ̀. Kí ó sì wo ìdí ìwé tí wọ́n bá fún un, bí òǹtẹ̀ lọ́yà bá wà níbẹ̀, nítorí láti 2015 ni ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ti ń fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní òǹtẹ̀ tí orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà fún irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kíkọ ìwé nìkan. Òun ni yóò béèrè olórí ìdílé, tí yóò mú awọnlẹ̀ lọ sí oko, tí yóò lọ wo ìwé ìjọba ní Àkúrẹ́ bóyá ẹlòmíràn ti fi ilẹ̀ náà yá owó ní báńkì. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì wà. Gbogbo wa mọ̀ pé ó fa ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ilẹ̀ oko tí kò sí ní ìgboro wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àti pé kò yẹ kí ẹ̀tọ́ ẹnì kan lórí rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí ìfọwọ́sí wọn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó kò sí fún gbogbo èyí. Ẹni tí owó rẹ̀ tó ra éékà márùn-ún tí kò sì ṣẹ́ kù fún ìwé, kí ó ra mẹ́rin.

Ẹ̀yin oníṣòwò kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ onílẹ̀ nìkan ni èyí. A mọ bí a ti ń kó epo àwìn fún ará Èkó, tí a kì í kọ ju nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ní Èkó, láti 2018, a ti dá ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré sílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. A fẹ́ kí wọ́n parí ẹjọ́ láàrin ọgọ́ta ọjọ́, oníṣòwò sì lè dúró fún ara rẹ̀ láìgbé lọ́yà. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ ibẹ̀ pàápàá yóò béèrè ìwé tí ẹni tí ó jẹ gbèsè fọwọ́ sí. Ojú ewé kan tí lọ́yà bá kọ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ ó máa kọ iye kẹ́ẹ̀gì àti ọjọ́ ìsanwó sí nígbà gbogbo, yóò sin yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

A ń bẹ ẹ̀yin lọ́yà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Òkìtìpupa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀gá kò sanwó fún dáradára, kí ẹ má ṣe jókòó de ìjà. Ẹ yan ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa wá sí Ìjù-Odò. Ẹ ní iye kan fún yíyẹ ìwé ilẹ̀ wò, iye kan fún kíkọ tuntun, iye kan fún lílọ sí Àkúrẹ́ àti bíbọ̀. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ ọjà tí wọ́n mọ gbogbo ìdílé àti gbogbo ààlà, ẹ má ṣe lé wọn. Ẹ sọ wọ́n di ẹni tí ń mú oníbàárà mọ ọ̀nà oko, kí ẹ̀yin fọwọ́ sí ìwé. Kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé tábìlì rẹ̀ dé kọ iye owó rẹ̀ sí ara ògiri ní èdè Yorùbá, kí ó sì fi ọmọ kan tì í tí yóò máa kà á sí etí àwọn àgbà tí kò mọ̀wé.